Ìwádìí Ìlera àti Ìgbé Ayé Àwùjọ ní Kẹ́ńyà: Àwọn Ìbéèrè Tí Èèyàn Máa Ń Bèèrè, Pẹ̀lú Ìdáhùn

Láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà ti wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ìlera jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí nọ́ọ̀sì ń fún aboyún lọ́fẹ̀ẹ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé, àti ọ̀nà tí dókítà ń gbà fa omi sí ọmọ tó dákú lára, gbogbo wọn ló ní ọwọ́ àwọn ará Kẹ́ńyà nínú. Síbẹ̀, díẹ̀ ni ohun tí a rí kà nípa rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Àwọn ìbéèrè tí a dáhùn sí nísàlẹ̀ yìí ni ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ará abúlé tí wọ́n sì ń ka iye ọmọ inú ilé yóò kọ́kọ́ bèèrè. A dáhùn bí a ti mọ̀ ọ́n, ibi tó dùn àti ibi tó korò.

Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwádìí àti ìtọ́jú?

Dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn ń wá ohun tó máa ṣe ẹni kan náà láǹfààní. Olùwádìí ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ìdáhùn rẹ̀ dájú, ìdáhùn ọ̀hún sì lè má wúlò rárá fún ẹni tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé lójú ìyá tó gbé ọmọ wá, aṣọ funfun kan náà ni àwọn méjèèjì wọ̀, inú ọgbà ilé ìwòsàn kan náà ni wọ́n sì wà. Òun yóò rò pé gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ni wọ́n fẹ́ fi wo ọmọ òun sàn. Nínú àṣìgbọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ìjà tó wà láàárín àwọn olùwádìí àti ará ìlú ti ń bẹ̀rẹ̀, ìdí sì nìyí tí a fi ní láti dá a sọ ṣáájú ohun gbogbo.

Ìwádìí ìgbé ayé ní tirẹ̀ kì í sábà lo abẹ́rẹ́. Ìbéèrè ni wọ́n fi ń ṣe é: èló ló ń wọlé, ta ló ń pinnu bí ẹ ṣe ń ná an, ọmọ mélòó ni ẹ ti bí, mélòó ló kù, ǹjẹ́ ọkọ ti gbọ́wọ́ sókè sí ìyàwó rí? Ẹni tó bá rò pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò lè dun èèyàn bí abẹ́rẹ́ kò tíì jókòó ti ìyá tí wọ́n ní kó ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti kú.

Àwọn wo ló ń ṣe àwọn ìwádìí wọ̀nyí?

Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwádìí ìṣègùn ní Kẹ́ńyà ni KEMRI, tí wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ ní 1979. Òun ni ọ̀pọ̀ àwọn àjèjì ń bá dòwò pọ̀. Ní Kilifi, létí Òkun Íńdíà, òun àti àjọ Wellcome Trust ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Yunifásítì Oxford bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1989 nínú ọgbà ilé ìwòsàn ìjọba. Ní ìhà Kisumu àti Siaya, nítòsí adágún Victoria, àjọ CDC ti Amẹ́ríkà, tó ń rí sí ìdènà àrùn, ni alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀. Ní Nairobi, Yunifásítì ìlú náà ti ń bá Yunifásítì Manitoba ti Kánádà ṣiṣẹ́ lórí àrùn ìbálòpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Nairobi náà ni APHRC wà, tó ń ṣe ìwádìí lórí iye èèyàn àti ìlera. Alex Ezeh, ọmọ Nàìjíríà, ló darí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí di 2017.

Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ti ń wá. Kò yẹ ká fi èyí pamọ́, torí ẹni tó bá sanwó fún ìbéèrè sábà máa ń ní ọwọ́ nínú irú ìbéèrè tí wọ́n máa bèèrè.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye ọmọ tó kú, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìbí àti ikú kò sí nínú ìwé ìjọba?

Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé ni. Láti ọdún 2000, àwọn òṣìṣẹ́ Kilifi ti ń bẹ gbogbo ilé wò lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bí 890 kìlómítà níbùú lóròó, tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin mílíọ̀nù kan. Bí oṣù mẹ́rin bá ti ń yí po, wọ́n á tún padà dé láti bèèrè ẹni tó bímọ, ẹni tó kú, ẹni tó kó wọlé àti ẹni tó kó jáde. Olúkúlùkù ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí ọmọ kan bá wá dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn Kilifi, nọ́ńbà yìí ni wọ́n á fi mọ ilé tó ti wá, tí wọ́n á sì lè ṣírò iye ọmọ tí àìsàn kan ń gbé wá látinú ẹgbẹ̀rún ọmọ tó wà ní abúlé. Ilé ìwòsàn nìkan kò lè sọ èyí fún ọ. Kò mọ ẹlòmíràn ju àwọn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ.

Tí ẹnì kan bá kú sí ilé, òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́ yóò wá jókòó ti àwọn ẹbí lẹ́yìn tí ọ̀fọ̀ bá ti rọlẹ̀, yóò sì béèrè bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀: ṣé ara rẹ̀ gbóná, ṣé ó wúkọ́, ṣé gìrì mú un? Látinú ìdáhùn yìí ni wọ́n ti ń fòye gbé ohun tó pa á. Kò péye tó àyẹ̀wò òkú, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ikú náà kọjá lọ láìsí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí ìwé ìkànìyàn yìí ti fi hàn kò kéré. Kẹ́ńyà bẹ̀rẹ̀ sí í gún abẹ́rẹ́ àjẹsára Hib, kòkòrò kan tó ń fa yírùnyírùn, fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní ìparí ọdún 2001, ó sì bẹ̀rẹ̀ ti kòkòrò pneumococcus, tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró àti yírùnyírùn, ní 2011. Nítorí pé Kilifi mọ iye ọmọ tó wà nílùú àti iye tó ń ṣàìsàn ṣáájú, wọ́n rí i pé ọdún díẹ̀ péré lẹ́yìn àjẹsára kọ̀ọ̀kan ni àìsàn líle tí àwọn kòkòrò wọ̀nyẹn ń fà láàárín àwọn ọmọdé dín kù gan-an. Kò sí ìjọba tó lè fi àfẹnusọ lásán gbèjà irú owó tí àjẹsára ń ná an.

Ó yẹ ká rántí pé irú iṣẹ́ báyìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn rẹ̀ lọ sí Ìgbò-Ọrà fún ètò ìlera àwùjọ Ìbàràpá, kí wọ́n lè mọ àìsàn níbi tó ti ń ṣe èèyàn, kí wọ́n má dúró de èyí tó bá rọ́nà dé ilé ìwòsàn.

Ṣé àwọn tó ń gbé ìlú ńlá kò sàn ju ará abúlé lọ?

Bí wọ́n ti rò náà nìyẹn. Ní ọdún 2000, APHRC ka àwọn àdúgbò akúùṣẹ́ ní Nairobi, níbi tí ilé páànù wọnú ara wọn tí kò sì sí omi ẹ̀rọ tó ṣeé gbára lé. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀, nǹkan bí 150 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ní ìgbèríko Kẹ́ńyà, nǹkan bí 113 ni. Ìṣirò ti gbogbo Nairobi lápapọ̀ kéré sí méjèèjì gan-an, torí pé ọmọ olówó àti ọmọ tálákà ni wọ́n pò pọ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn ará Korogocho àti Viwandani, méjì lára àwọn àdúgbò náà, wò déédéé bíi ti Kilifi.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣẹ́ ìbò láti pinnu ẹni tó máa gba ohun tí wọ́n ń dán wò? Ṣé kì í ṣe ìwà ìkà láti fún ilé kan kí wọ́n sì fi èkejì sílẹ̀?

Ìbéèrè yìí dára, kò sì yẹ kí olùwádìí kankan bínú sí ẹni tó bá bi í. Ká ní wọ́n fún àwọn tó wá gba nẹ́ẹ̀tì fúnra wọn ní nẹ́ẹ̀tì, tí ikú ọmọ wọn sì kéré sí ti àwọn tí kò wá, ta ni yóò sọ bóyá nẹ́ẹ̀tì ló ṣe é tàbí pé irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ ti máa ń ṣọ́ ọmọ wọn tẹ́lẹ̀? Ìbò kò mọ olówó, kò mọ ọ̀mọ̀wé. Tí wọ́n bá fi ìbò pín abúlé sí ọ̀nà méjì, ohun kan ṣoṣo tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ohun tí wọ́n ń dán wò.

Ó ní ààlà o. Kò tọ́ láti ṣẹ́ ìbò lórí ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé ó ń gbẹ̀mí là. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn kò bá mohùn pọ̀ nìkan ló bójú mu.

Kí ni wọ́n rí nípa nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn?

Ní Kilifi, láàárín 1993 sí 1995, wọ́n fi ìbò pín nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti rì bọ oògùn apakòkòrò fún àwọn àdúgbò kan. Ikú àwọn ọmọdé dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta níbi tí nẹ́ẹ̀tì dé. Àwọn kan ṣì ń sọ pé Siaya ò ní rí bẹ́ẹ̀, torí pé ibà gbilẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún yí po. Wọ́n tún un ṣe ní Siaya, ikú ọmọdé tún dín kù, bí kò tilẹ̀ tó ti Kilifi. Wọ́n tún rí ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí: àwọn ilé tí kò ní nẹ́ẹ̀tì ṣùgbọ́n tí wọ́n wà nítòsí ilé tó ní in jàǹfààní pẹ̀lú, torí pé ẹ̀fọn àdúgbò náà ti dín kù.

Lẹ́yìn náà ni àríyànjiyàn lórí owó dé. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan gbà pé ohun ọ̀fẹ́ kì í níyì, pé tí o bá fún èèyàn ní nẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ yóò fi pa ẹja tàbí fi sọgbà. Jessica Cohen àti Pascaline Dupas, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, dán an wò ní ilé ìtọ́jú aboyún ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà: ibì kan lọ́fẹ̀ẹ́, ibòmíràn ní iye owó táṣẹ́rẹ́ tó yàtọ̀ síra. Nígbà tí owó kékeré kan wọ̀ ọ́, èyí tó pọ̀ jù lára àwọn aboyún kò rà á mọ́. Àwọn tó sì gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ń sùn sábẹ́ rẹ̀ bí àwọn tó sanwó ṣe ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, àwọn ìyá náà ni ìwádìí yìí dá láre, torí àìlówó ni àwọn àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n ń pè ní àìmọyì.

Ǹjẹ́ ìgbà kan wà tí ìwádìí fi hàn pé àwọn dókítà ti ń ṣìṣe?

Ó wà, ó sì tó ohun tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀.

Tí ọmọ bá dé ilé ìwòsàn tí ara rẹ̀ gbóná, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì yí kiri ara rẹ̀ dáadáa mọ́, ohun tí àwọn ìwé ìṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní kí dókítà ṣe ni kó yára fa omi púpọ̀ sí i lára láàárín wákàtí kan. Gbogbo ayé gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ti dán an wò níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ tí ń bá aláìsàn mí, níbi tí ibà àti àìtó ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ọ̀pọ̀ ọmọ jà papọ̀.

Kathryn Maitland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kilifi, ní Uganda àti ní Tanzania dán an wò nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní FEAST. Ọmọ 3,141 ló wà nínú apá tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Àwọn kan gba omi kíákíá. Àwọn yòókù gba omi díẹ̀díẹ̀ lásán, pẹ̀lú oògùn ibà, oògùn kòkòrò àti ẹ̀jẹ̀ bí ó bá yẹ. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìṣirò náà láti ìta dá iṣẹ́ dúró ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2011. Kì í ṣe pé omi kò ràn wọ́n lọ́wọ́ nìkan. Ó ń pa wọ́n. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n fún ní omi kíákíá, nǹkan bí mẹ́wàá ààbọ̀ ló kú láàárín ọjọ́ méjì. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọn kò fún, nǹkan bí méje ni.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àwọn dókítà tó ń fa omi náà kì í ṣe ọ̀dájú. Ìwé ni wọ́n tẹ̀ lé, pẹ̀lú ọkàn tó dára. Ká ní ẹnikẹ́ni kò ní ìgboyà láti bèèrè lọ́wọ́ ohun tí gbogbo ayé ti gbà, a ò bá máa pa ọmọ mẹ́ta kún un nínú ọgọ́rùn-ún títí di òní láìmọ̀. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí èsì náà jáde, ó pẹ́ kí ìwé ìtọ́nisọ́nà tó yí padà, àwọn kan sì ń jiyàn pé ọmọ tí wọ́n yàn ló ṣàjèjì. Àwọn ọmọ tí wọ́n yàn náà ni irú àwọn ọmọ tó ń wọ ilé ìwòsàn wa.

Báwo ni wọ́n ṣe gba ìyọ̀ǹda nígbà tí ọmọ ń kú lọ? Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú fún òbí, wọ́n sì bi í bóyá ó gbà, lẹ́yìn tí ara ọmọ bá ti balẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n tó jókòó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ kí ó tó buwọ́ lùwé. Àwọn kan ṣì ń jiyàn lórí ọ̀nà yìí. Èmi kò mọ èyí tó dára jù ú lọ, torí pé kí a ka ojú ìwé mẹ́fà fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀wọ̀.

Kí ni wọ́n mọ̀ nípa àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, torí pé àyẹ̀wò AS àti SS ti di ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì ń bèèrè kí ó tó so tọkọtaya pọ̀. Anthony Allison, tó dàgbà sí Kẹ́ńyà, ló kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn ní 1954 pé ibà kì í sábà mú ọmọ AS bí ó ṣe ń mú ọmọ AA. Kilifi wá fi ọdún púpọ̀ tọpinpin rẹ̀, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ewu ibà tó le ni AS ń ká kúrò lórí ọmọ. Ìdí nìyí tí AS fi pọ̀ láàárín wa: àwọn baba ńlá wa tó ní in ni ibà kò pa ní kékeré.

Fún àwọn ọmọ SS fúnra wọn, Kilifi wà lára ibi mẹ́rin tí wọ́n ti dán oògùn hydroxyurea wò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn mẹ́ta yòókù wà ní Uganda, Angola àti Kóńgò. Wọ́n ti ń lo oògùn yìí ní Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ó lè mú kí ibà túbọ̀ le níbí. Èsì tó jáde ní 2019 fi hàn pé òdì-kejì ló ṣẹlẹ̀: ìrora dín kù, ìfàjẹ̀sínilára dín kù, ibà pàápàá dín kù, ikú sì dín kù. Òbí tó bá ní ọmọ SS yẹ kó bèèrè oògùn yìí lọ́wọ́ dókítà rẹ̀.

Ṣé gbogbo èsì ni wọ́n gbà láìjiyàn?

Rárá. Ní 1998, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 75 ní Busia ní oògùn aràn, ilé-ìwé kan ṣáájú èkejì. Edward Miguel àti Michael Kremer kọ ọ́ ní 2004 pé àìwá sílé-ìwé dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin, àti pé àwọn ọmọ tí kò gba oògùn pàápàá jàǹfààní. Ní 2015, àwọn ẹlòmíràn tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n rí àṣìṣe nínú rẹ̀, ìjà ńlá sì ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé àti àwọn onímọ̀ àrùn. Ìjà náà kò tíì parí. Kremer gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019 pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn fún irú ìwádìí báyìí, Kẹ́ńyà sì ń fún àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ní oògùn aràn títí di ìsinsìnyí.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń ta ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà?

Kò sí òótọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi ẹni tó ń bèèrè ṣẹ̀sín. Láti ìgbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń sọ ìtàn mumiani ní etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní ń fa ẹ̀jẹ̀ èèyàn lóru láti fi ṣe oògùn fún àwọn olówó. Àwa náà ní gbọ́mọgbọ́mọ tiwa. Nígbà tí ọkọ̀ ńlá kan bá wọ abúlé, tí àjèjì sọ̀kalẹ̀ tó ní òun fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ìtàn tí èèyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò fi túmọ̀ rẹ̀. Ní Homa Bay, nígbà tí àjọ GiveDirectly fẹ́ fún àwọn ìdílé lówó láìgba nǹkan kan padà, ọ̀pọ̀ kọ̀ ọ́, wọ́n ní owó èṣù ni. Ẹni tí ìjọba kò fún ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ rí mọ ìdí tó fi ń fura.

Àwọn olùwádìí Kilifi kọ́ ọgbọ́n kan látinú èyí. Wọ́n ní kí àwọn ará àdúgbò dìbò yan àwọn aṣojú tí yóò máa bá àwọn olùwádìí jókòó déédéé, kì í ṣe láti ki wọ́n, bí kò ṣe láti sọ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ lẹ́yìn wọn ní ọjà. Wọ́n tún ń mú àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wọ yàrá àyẹ̀wò kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ń lọ. Àhesọ kò tán, ṣùgbọ́n ó rí ẹni tó máa dá a lóhùn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gba ìyọ̀ǹda, wọ́n sì ń sanwó bí?

Èdè tí onítọ̀hún gbọ́ ni wọ́n fi ń ka ìwé ìyọ̀ǹda fún un. Ní Kilifi, ó lè jẹ́ Kìswàhílì tàbí èdè àwọn Giriama. Ẹni tí kò mọ̀wé kà yóò tẹ ìka, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìwádìí. Ṣùgbọ́n ìwé kò tán ọ̀rọ̀. Ìyá kan lè gbà níwájú nọ́ọ̀sì nítorí pé kò fẹ́ já a ní tànmọ́-ọ̀n, kó sì délé kí ìyá ọkọ rẹ̀ ní kò sóhun tó jọ ọ́. Olùwádìí tó gbọ́n yóò sọ pé, “Ẹ lọ bá àwọn ará ilé sọ ọ́, ẹ padà wá lọ́la.”

Ní ti owó, owó ọkọ̀ àti ìdípò àkókò tí wọ́n fi sílẹ̀ ni wọ́n ń fúnni, pẹ̀lú ìtọ́jú ọ̀fẹ́ nígbà tí ìwádìí bá ń lọ lọ́wọ́. Tí ó bá kéré jù, a rẹ́ tálákà jẹ. Tí ó bá pọ̀ jù, ebi ni yóò buwọ́ lùwé dípò èèyàn.

Àwọn obìnrin Pumwani ńkọ́?

Ní 1985, àwọn olùwádìí Nairobi àti Manitoba bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn obìnrin tó ń fi ara wọn ṣòwò ní Pumwani, àdúgbò kan ní Nairobi. Kòkòrò àrùn éèdì ti wọ ara ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n rí díẹ̀ tí kòkòrò náà kò ràn fún ọdún púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọjọ́ tí wọn kò ko ó lójú. Àwọn onímọ̀ káàkiri ayé fẹ́ mọ àṣírí ara wọn, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí ṣe àjẹsára kan tí kò padà ṣiṣẹ́.

Àwọn obìnrin náà rí ìtọ́jú àwọn àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn gbà, wọ́n rí kọ́ńdọ̀mù àti ìmọ̀ràn. Oògùn tó ń dá éèdì dúró kò dé ọ̀dọ̀ wọn títí di àwọn ọdún 2000, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti kú, tí orúkọ Pumwani sì ti wà nínú àìmọye ìwé ìwádìí. Mo rò pé gbèsè kan ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Ta ló ń fún wọn láṣẹ?

Ìgbìmọ̀ ìwà ẹ̀tọ́ ni yóò kọ́kọ́ yẹ ètò náà wò. KEMRI ní tirẹ̀, àwọn yunifásítì náà ní. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NACOSTI, àjọ ìjọba tí òfin 2013 fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Láti 2019 ni òfin ààbò ìsọfúnni ti wà pẹ̀lú, tó fún aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀.

Ǹjẹ́ ìwádìí wà tó kan gbogbo orílẹ̀-èdè?

Ó wà, wọ́n sì ń ṣe é ní ọdún mélòó kan síra. Òun ló fi hàn pé ní 1989, ọmọ tí obìnrin Kẹ́ńyà kan ń bí tó 6.7, ní 2022, ó ti di 3.4. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ, àwọn tó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún jẹ́ 115 ní 2003, wọ́n sì di 41 ní 2022. Obìnrin tí wọ́n dá abẹ́ fún dín kù láti 38 nínú ọgọ́rùn-ún ní 1998 sí 15 ní 2022. Owó Amẹ́ríkà ló gbé ètò àgbáyé tó ń ran ìwádìí yìí lọ́wọ́ dúró, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ni ìjọba Amẹ́ríkà sì dá owó náà dúró. Nàìjíríà náà wà nínú ètò ọ̀hún. Orílẹ̀-èdè tó bá fi kíka ọmọ tirẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ lè jí lọ́jọ́ kan kó má mọ iye ọmọ tó kù fún un.

Kí ni àwọn ará Kẹ́ńyà ti rí padà látinú rẹ̀?

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà RTS,S ni àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù. Àwọn ọmọ Kilifi, Siaya àti Kombewa wà lára àwọn 15,459 tí wọ́n fi dán an wò ní orílẹ̀-èdè méje láti 2009. Ní oṣù Owewe 2019, Kẹ́ńyà bẹ̀rẹ̀ sí í gún un fún àwọn ọmọdé ní Homa Bay, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára orílẹ̀-èdè mẹ́ta àkọ́kọ́, pẹ̀lú Ghana àti Malawi. Níbi tí wọ́n ti ń lò ó ní orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ikú àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn tó gbà á dín kù ní nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fọwọ́ sí i ní 2021 fún àwọn ọmọdé níbi tí ibà ti pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Tí wọ́n bá wá bá mi níbikíbi tí mo wà, kí ni kí n bi wọ́n?

Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀, ní gbólóhùn kan. Tí wọn kò bá lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, ó ṣeé ṣe kí àwọn fúnra wọn má tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ bèèrè iye ẹ̀jẹ̀, ibi tí wọ́n ń gbé e lọ, ọdún mélòó ni wọ́n máa tọ́jú rẹ̀, àti bóyá ẹlòmíràn lè lò ó. Ẹ bèèrè ìgbìmọ̀ tó fún wọn láṣẹ. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá sọ èsì rẹ̀, àti èdè tí wọ́n máa fi sọ ọ́.

Tí mo bá ti gbà, ṣé mo lè yí ọkàn padà?

Bẹ́ẹ̀ ni, nígbàkígbà, láìsọ ìdí kankan, ilé ìwòsàn kò sì gbọdọ̀ torí rẹ̀ dín ìtọ́jú yín kù. Ẹ tún lè ní kí wọ́n da ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà nù, bí wọn kò bá tíì lò ó.